Ṣé Ó Yẹ Kí A Wó Ilé Àwọn Baba Wa Tán?

Bí ènìyàn bá ń rìn káàkiri àwọn ìlú Òkè-Ògùn lóde òní, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí ó sì yà sí Òkákà tiwa níhìn-ín, ohun kan wà tí ojú rẹ̀ kò ní ṣàìrí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tuntun tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kọ́, yóò rí ògiri alámọ̀ tí òjò ti jẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Yóò rí páànù tí ó ti pọ́n bí osùn, yóò sì rí òkìtì ìyẹ̀pẹ̀ níbi tí ilé ńlá wà rí, tí koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn a dá a lóhùn pé, "Ilé àtijọ́ kan ni." Ọ̀rọ̀ pin níbẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọn a ní ilé àwọn tí ojú wọn kò là ni.

Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi yẹ̀ wò dáadáa, ni pé ilé tí àwọn baba wa fi amọ̀, igi àti koríko kọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n. Bí a bá wó gbogbo rẹ̀ tán láìfi ọ̀kan sílẹ̀, tí a kò sì kọ bí wọ́n ti ṣe kọ́ ọ sínú ìwé, a ó pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Èmi kò sọ pé kí a padà sí abẹ́ koríko o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ní kí a tó sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilé náà ti rí. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè mìíràn a máa gbé inú oko wọn, ilé olúkúlùkù a sì dá dúró láàrin ilẹ̀ rẹ̀. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ wa a ní ahéré lóko, níbi tí ó ń sùn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú ni ilé rẹ̀ wà, nínú agbo ilé, láàrin àwọn ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ilé àgbẹ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, inú agbo ilé ni kí a lọ.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé irú ilé yìí. Àwọn yàrá so mọ́ ara wọn yí gbàgede ńlá kan ká, gbogbo wọn sì kọjú sí inú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo agbo ilé. Ẹni tí ó bá wọlé yóò kọ́kọ́ gba ìloro kọjá, ibẹ̀ ni àwọn àgbà sì máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn ìloro ni gbàgede, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yí ká. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń wọ yàrá, inú yàrá ni a sì ti ń wọ ìyẹ̀wù, níbi tí a kò ti ń gba àlejò. Ẹ kíyè sí bí ètò yìí ti lọ: bí ènìyàn bá ṣe súnmọ́ ará ilé tó ni ó ṣe ń wọlé jìnnà tó. Àlejò lásán dúró ní ìloro, ojúlùmọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ inú ilé nìkan ni ó sì ń wọ ìyẹ̀wù. Ilé náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọmọdé ní ìwà ọmọlúàbí kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu bá a wí.

Kì í ṣe kíkó amọ̀ jọ lásán ni wọ́n fi ń mọ ògiri ilé náà. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí òjò kò ní ba ògiri tútù jẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bò ó kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Wọn a wa ilẹ̀, wọn a da omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, wọn a sì tún padà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mọlémọlé yóò máa gba ìṣù amọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń jù ú sí wọn, tí wọn yóò sì máa tò ó ní ìpele ní ìpele. Wọn kò jẹ́ mọ ìpele kejì lé àkọ́kọ́ lórí títí àkọ́kọ́ yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó lé e lórí. Báyìí ni wọn yóò ṣe é títí ògiri yóò fi ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8, tí nínípọn rẹ̀ yóò sì tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí amọ̀ ti jẹ́ ara ilé, bẹ́ẹ̀ ni igi jẹ́ egungun rẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí tiwa yìí, ikán ni ọ̀tá ilé. Àwọn baba wa mọ igi tí ikán lè jẹ àti èyí tí kò lè jẹ. Wọn a wá àyìn nítorí líle rẹ̀, wọn a wá apá nítorí pé ikán kì í fẹ́ fẹnu kàn án, àwọn tí wọ́n wà nítòsí igbó a sì wá ìrókò. Nínú igi wọ̀nyí ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà, igi àjà àti ẹkẹ́ tí ó gbé òrùlé ró ti ń wá. Ọmọdé tí ó bá bá baba rẹ̀ lọ gé igi ilé, ó ti kọ́ nípa igi inú igbó lọ́jọ́ kan ju ohun tí àwa olùkọ́ lè kọ́ ọ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kan.

Òrùlé ni ó kù. Koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ará ilẹ̀ igbó sì ń lo ewé gbòdògì. Bẹẹrẹ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún kan fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwọn ìjòyè àti àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko náà wá láti fi bo ààfin. Gbígbé koríko wá jẹ́ àmì pé ìlú bẹ́ẹ̀ ṣì ń sin ọba. Àwọn mẹ̀kúnnù pàápàá kì í dá bo ilé. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́, àwọn àna àti àwọn aládùúgbò yóò péjọ, onílé yóò sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Kí alẹ́ tó lẹ́, ilé ti ní òrùlé.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí lè béèrè pé, "Bí iná bá ràn mọ́ koríko náà ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Àwọn baba wa mọ ewu náà ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, pàápàá ní àkókò ogun nígbà tí ọ̀tá ń ju iná sórí ilé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà. Wọn a to igi tí ó nípọn sí orí ògiri, wọn a tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ dáadáa. Bí koríko òkè bá jó, iná náà yóò jó tán lórí àjà, ẹrù tí ó wà nínú yàrá yóò sì wà láìfarapa. Nígbà tí kò bá sí iná, àjà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọ yàrá. Bí òwe wa ti wí, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Kì bá tí sí irú òwe bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe pé àwọn ènìyàn wa mọ bí a ti ń tún ilé bò kíákíá.

Kì í ṣe ìlò nìkan ni wọ́n rò. Wọ́n ro ẹwà pẹ̀lú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú àtijọ́ tí ahoro rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn lónìí. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ pé àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn láti gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ó rí òjòlá tí ń pa ẹran ìgbẹ́, ó sì rí àwọn jagunjagun tí àwọn onílù ń tẹ̀lé. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan kọ́ ni irú iṣẹ́ yìí wà. Ní Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ìlú London. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọba, ó sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn títí di òní. Òpó kan tí ó ti ara ààfin kan náà wá wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Chicago a máa rọra rìn yí i ká, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án. Òpó ilé ni. Irú ohun tí a ń fi dáná nínú àwọn abúlé wa nígbà tí ilé bá wó ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dá ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Ilé àtijọ́ ní àbùkù tirẹ̀, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ibòmíràn kò tilẹ̀ ní rárá, nítorí náà yàrá a máa ṣókùnkùn. Èéfín ìdáná, tí ó ń lé kòkòrò kúrò nínú koríko òrùlé tí ó sì ń pa àgbàdo tí a so kọ́ mọ́, a máa ba ojú àti àyà àwọn ìyá wa jẹ́. Eku àti ejò a máa fi koríko ṣe ibùgbé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọdún díẹ̀ ni koríko ń lò kí a tó tún un pààrọ̀, bí kò bá sì sí ọ̀wẹ̀ mọ́, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, bẹ́ẹ̀ ni bẹẹrẹ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí a ń wá jìnnà.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀lẹ ni ó mú páànù wọ ìlú wa. Làálàá ni ó mú un wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ni wọ́n rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gánà láti ṣòwò, nígbà tí a ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Wọ́n jìyà, wọ́n kówó jọ, wọ́n sì ń fi owó náà kọ́lé sílé. Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbéléé kúrò, púpọ̀ nínú wọn padà wálé ní òjijì, ilé tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ni ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú. Páànù orí irú ilé bẹ́ẹ̀ yẹ ní ohun tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn mìíràn gbọ́n púpọ̀: wọ́n fi ògiri alámọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tín-ínrín rẹ́ ẹ lára, wọ́n sì fi páànù rọ́pò koríko. Ilé bẹ́ẹ̀ ṣì dúró lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìlú wa. Òun ni ó fi hàn wá pé tuntun àti àtijọ́ lè gbé pọ̀ láìjà.

Ẹjọ́ mi kò sí lára páànù. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà pé ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ tiwa, tí ó sì ti pẹ́, ó gbọ́dọ̀ burú. Ìtìjú yìí ni ó ń wó ilé wa ju òjò lọ. Ẹ wo ilé tí a ń kọ́ dípò àtijọ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù tín-ínrín, páànù láìsí àjà tí ó dára, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí igi òjìji. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn Òkè-Ògùn bá mú bí iná alágbẹ̀dẹ, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ a sá jáde, wọn a sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà! Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Amọ̀ tí ó nípọn kì í tètè gba ooru. Kí ooru ọ̀sán tó la ògiri já, alẹ́ ti lẹ́, atẹ́gùn tútù sì ti dé. Páànù kò mọ ìyẹn. Bí oòrùn bá ti kàn án, orí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ooru ń bọ́ sí.

Ohun mìíràn tí ń bá ilé wó ni èdè. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó lè fi ọwọ́ han àtẹ́rígbà, tàbí kí ó sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìloro àti ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ta ni ó mọ kọ̀bì, tí a fi ń dá ààfin ọba mọ̀ yàtọ̀ sí ilé ìwọ̀fà? Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí ìloro mọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di ohun tí a ń wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Àwọn òwe tí a fi ilé pa yóò sì di ohun tí a ń há sórí láìmọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo òdì kejì òkun, níbi tí a rò pé a ti kọ́ bí a ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé àtijọ́. Ní abúlé Singleton ní ẹkùn Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àgbẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bayleaf. Ó ti lé ní 550 ọdún tí a ti kọ́ ọ. Igi óákù ni egungun rẹ̀, ìṣó tí a fi igi ṣe ni ó so wọ́n pọ̀. Láàrin igi kan sí èkejì, ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí a hun bí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀, tí wọ́n sì fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni ìdáná rẹ̀ wà, kò sí ojú èéfín, èéfín a sì máa gba inú òrùlé jáde. Fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ilé baba ńlá yín? Amọ̀ ni, igi ni, èéfín ni. Ní nǹkan bí ọdún 1968, nígbà tí wọ́n fẹ́ sé omi ní ẹkùn Kent níbi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀, tí omi yóò sì bò ó mọ́lẹ̀, wọn kò ní kí ó lọ. Wọ́n tú u ní igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o lọ sí Singleton, wọ́n sì tún un tò bí ó ti wà. Láti ọdún 1970 tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sanwó láti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé owó ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é. Ní ọdún 1877, nígbà tí William Morris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa dáàbò bo ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ náà, ìmọ̀ràn wọn kò gba owó púpọ̀. Wọ́n ní kí a máa tọ́jú ilé lójoojúmọ́ kí ó má baà di èyí tí a ní láti tún kọ́. Ìmọ̀ràn yìí bá ilé alámọ̀ mu ju ilé èyíkéyìí lọ. Ògiri alámọ̀ kì í kú títí òrùlé rẹ̀ yóò fi kú. Páànù kan tí ó jò, tí a kò tètè dí, ni ó ń wó ilé tí ó ti dúró fún 80 ọdún.

Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá jìnnà, àwọn aládùúgbò wa kò jìnnà. Ní Koutammakou, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn Batammariba ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà bí odi kékeré. Ẹgbẹ́ UNESCO kọ ilẹ̀ náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2004, wọ́n sì fi apá tí ó wà ní ilẹ̀ Benin kún un ní ọdún 2023. Ní ọdún 2024, wọ́n tún kọ ààfin alámọ̀ Tiébélé ní Burkina Faso sínú rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ya àwòrán sí ara ògiri. Ní Sirigu, ní àríwá ilẹ̀ Gánà, àwọn obìnrin a máa se èèpo èso igi igbá, wọn a sì fi omi rẹ̀ kun ara ògiri kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́. Igi igbá yìí kan náà ni ó dúró káàkiri oko wa ní Òkákà, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa ńkọ́? Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í gbé òpó ró. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, tí àwọn ará Bùràsíìlì fi ọnà wọn kọ́, ni ìjọba ti kéde ní ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ní ìdà kejì, ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní sùúrù lè ṣe ohun ńlá. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Nàìjíríà láti ọdún 1958, ó ń wọn ilé àtijọ́ wa, ó sì ń yà wọ́n sínú ìwé. Ó kú ní ọdún 1982, a sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta ní ọdún 1990. Púpọ̀ nínú ilé tí ó yà ti wó báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n kò parun, nítorí ìwé pa wọ́n mọ́. Ṣé ó yẹ kí ó jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ olótùútù ni yóò wá bá wa wọn ilé baba wa?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkínní ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan agbo ilé kan, ó kéré tán, èyí tí ògiri rẹ̀ ṣì lágbára. Kí àwọn ọmọ ilé náà, nílé lóko, máa dá owó díẹ̀ lọ́dọọdún láti dí òrùlé rẹ̀ àti láti tún ìdí ògiri rẹ̀ rẹ́. Bí kò bá sí bẹẹrẹ, kí wọ́n fi páànù bò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dí gbàgede, kí wọ́n má sì wó ìloro. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń jà lórí ogún, kí wọ́n rántí pé ilé tí a kò pín ni gbogbo wọn ní. Èyí tí a bá wó, ilẹ̀ lásán ni yóò kù fún ìjà.

Èkejì ni pé kí a bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ amọ̀ ti ń dín kù lójoojúmọ́. Kí a béèrè orúkọ igi, orúkọ apá ilé kọ̀ọ̀kan àti àsìkò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹni tí ń kọ́ ilé tuntun mú ọgbọ́n àtijọ́ wọ inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò sọ pé kí a má ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò sọ pé kí a má fi ààyè gbàgede sílẹ̀. Páànù kò kọ àjà. A lè pò amọ̀ ilẹ̀ wa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù tí ó le. Kí fèrèsé sì tóbi, kí ìdáná ní ojú èéfín, kí ara àwọn ìyá wa lè le. Báyìí ni a ó gba ire ilé méjèèjì, tí a ó sì fi àbùkù wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kángun sí. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín wá ilé tí ó pẹ́ jù lọ nínú agbo ilé rẹ̀. Kí ó mú okùn dání láti fi wọ̀n ọ́n. Kí ó yà á sínú ìwé, kí ó sì wólẹ̀ kí àgbàlagbà kan níbẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Bí ilé náà bá sì wó lọ́la, ohun tí ó kọ yóò wà. Ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí ọmọ aṣẹ́gità bá lè náání èèpo lásán, kí ni yóò ṣe ọmọ ẹni tí ó ni ilé?